Ìdí Tí N Kò Fi Ní Yí Ìparí Ìwé Mi Padà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, Ọ̀mọ̀wé ọ̀la. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ojú kì í dùn ọ́ pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ò ń kà? Níbí, a dúpẹ́. Orúnkún ṣì ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ń dúró ti áyọ́ọ̀nù mi láràárọ̀, mo sì ń fara da ẹnu àwọn oníbàárà. Kí àìsàn má mọ ilé rẹ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú orí mẹ́ta nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wú mi lórí, àmọ́ ohun tí o ní kí n ṣe bí mi nínú. Pé ọmọ alágbàfọ̀ jókòó sí yunifásítì, tó ń fi tíọ́rì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yẹ ìtàn àròsọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ kọ wò! Àwọn tó ní ìwé kò lè dé ìran wa ti rí èsì gbà.

Orí kìíní dùn mọ́ mi. Tíọ́rì tó ń wo òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá lo lò níbẹ̀, o sì rí i pé alágbàfọ̀ inú ìtàn ń lọ aṣọ aláṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìwé kò sì sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀ rárá. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Orí kejì, ti ìṣègbèfábo tó ń gbèjà obìnrin, béèrè ibi tí bàbá ọmọ inú ìtàn wà. Èmi náà béèrè títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ti orí kẹta, èyí tó ní ìhun ìwé nìkan ni ká wò, ká má bi òǹkọ̀wé ní nǹkan kan, bí ẹni pé ó ti kú, mo rẹ́rìn-ín. Òkú náà kí ọ o. Ó ṣì ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Orí kẹrin ni n kò rí. O ní o kò lè kọ ọ́, torí tíọ́rì tó ń wo inú ọkàn òǹkọ̀wé ni, ibi tó sì gbé ọ dé bà ọ́ lẹ́rù. Alágbàfọ̀ inú ìtàn gbé ọmọ oṣù mẹ́ta sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó wọ ọkọ̀, ọkọ̀ ṣí, ìwé parí. Àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ sì mọ̀ pé ìyá rẹ ló kọ ọ́. O wá kọ ọ́ sí mi pé: "Màámi, bí wọ́n bá ń tún ìwé yín tẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn padà wá gbé ọmọ ẹ̀. Ẹ sì sọ fún mi, ṣé èmi lọmọ yẹn?"

N kò ní yí i padà. Olùtẹ̀wé náà ti bẹ̀ mí rí, ó ní àwọn òǹkàwé ń sunkún. Mo ní kí wọ́n máa sun ún lọ. Bí mo bá kọ ọ́ pé obìnrin náà padà, gbogbo wọn á mí kanlẹ̀, wọ́n á pa ìwé dé, wọ́n á lọ jẹun. Ta ni yóò béèrè ohun tó lé e dé ìdí bẹ́ǹṣì? Ta ni yóò rántí ọ̀gá tó ní kò gbọdọ̀ gbé ọmọ wọ ilé ìfọṣọ, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tilẹ̀kùn mọ́ ọn? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Obìnrin tí kò padà pọ̀ láyé, ẹni tó lè kọ̀wé nípa wọn láìbú wọn ni kò pọ̀. Èmi kọ ọ́. Orí tábìlì ìlọṣọ ni mo ti kọ ọ́, nígbà tí áyọ́ọ̀nù bá ń gbóná lọ́wọ́, n kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìbéèrè rẹ kejì, ìwọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ìwọ nìkan ni mo sì máa sọ ọ́ fún. Mo gbé ọ sórí bẹ́ǹṣì lóòótọ́, mo wọ ọkọ̀, ọkọ̀ sì ṣí. Ó ti rẹ̀ mí débi pé n kò mọ̀ mọ́ pé èèyàn ni mí. Ní ibùdó tó tẹ̀ lé e, mo bọ́ sílẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń padà àfi ní ìrọ̀lẹ́, mo bá gba ojú irin, mo ń sáré, mo ń ṣubú. Bàtà mi ẹsẹ̀ kan há sáàárín òkúta, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́wọ́ obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti bá ọ. Kò bi mí ní ohunkóhun. Ó ní, "Ó ti ń wá ẹ," ó sì gbé ọ fún mi.

Ọkọ̀ tó ṣí ni mo fún àwọn òǹkàwé. Ìpadàbọ̀ yẹn, tìrẹ ni. N kò kọ ọ́ fún títà, n kò sì ní fi í kún ìwé nítorí kí ojú má baà tì wá. Ojú kò tì mí.

Kí Ọlọ́run là ọ́ lóye sí i. Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n nígbà tí o bá ń kọ òtítọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ní kò sí àyè fún ọ, wàá jókòó níbẹ̀, wàá sì pẹ́ níbẹ̀.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
alágbàfọ̀ àti òǹkọ̀wé.

Àfikún: Kọ orí kẹrin. Kọ ọ́ pé ìyá náà fẹ́ sá lọ, má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ fi lẹ́tà yìí ṣe ẹ̀rí. Bí olùkọ́ rẹ bá bi ọ́ bí o ṣe mọ̀, ìwé wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n kà á.