Akíndèjì Paul Ilésanmí, Ajíbátìrì Ìkàrẹ́ (1970–2025)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1970, ní Ìwárọ̀ Ọ̀kà, lábẹ́ òkè tó ń rí òjò kí òjò tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀, ni a bí Akíndèjì Paul sínú ìdílé Ilésanmí. Olóògbé Pa Samuel Ilésanmí, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá rẹ̀. Màmá Naomi Ilésanmí, ọmọ Ẹ̀pinmì, ni ìyá rẹ̀. Màmá ṣì wà láyé. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Akíndèjì ni ìkẹta nínú ọmọ mẹ́rin.

Irú ìwé báyìí, ọmọ ló yẹ kó kọ ọ́ fún bàbá, kí ó máa pe bàbá ní "wọ́n" láti òkè délẹ̀. Àwa ẹ̀gbọ́n la kọ èyí fún àbúrò. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa rí "ó" níbi tí ẹ ti ń retí "wọ́n". Kì í ṣe pé a kò bọlá fún un. Òun ló kánjú kọjá lára wa. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa pé síbí, ẹ foríjì wá.

Ní 1976 ó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ ní Ìwárọ̀, ó sì jáde ní 1982. Ó wọ ilé ìwé girama, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀ kí àìsàn bàbá wa tó dá ẹ̀kọ́ náà dúró. Ṣáájú ìgbà yẹn ni a ti mọ ibi tí orí rẹ̀ ń lọ. Bàbá wa ti oko dé lọ́jọ́ kan, wọ́n bá rédíò wọn ní títú ká lórí ẹní. Wọ́n ké pé, "Ta ló pa rédíò mi?" Ọmọ ọdún mẹ́wàá náà kò sá. Ó ní, "Bàbá, kò kú o. Ó sùn ni." Wọ́n gbé pàṣán. Kí pàṣán tó balẹ̀, ó ti fi wáyà méjì kan ara wọn, rédíò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn. Bàbá wa jókòó, wọ́n gbọ́ ìròyìn wọn tán, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá nà án díẹ̀, wọ́n ní tìtorí pé kò tọrọ àyè ni.

Ní 1986 ni a fà á lé Ọ̀gá Badmus lọ́wọ́ ní Òkorun, Ìkàrẹ́, atúnrédíòṣe tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ó gba òmìnira ní 1991, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òpópónà kan náà, pẹ̀lú àdúrà ọ̀gá rẹ̀. Ní 1998 ó gbé Ìbíyínká, olùkọ́, níyàwó. Ọlọ́run fi ọmọ méjì jíǹkí wọn.

Nígbà tí rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì kógbá sílé, iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ kógbá sílé pẹ̀lú wọn. Nǹkan bí ọdún 2014 ni àwọn káfíńtà àti àwọn alálùmíníọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í ra dírílì, ẹ̀rọ ìlugi tí kò ní wáyà, èyí tí bátìrì ń gbé ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà dára, bátìrì rẹ̀ ni kò láyọ̀lé. Bó bá pẹ́ nílẹ̀ láìlò, ṣájà kò ní gbà á mọ́. Iná pupa á máa ṣẹ́jú, á kọ̀ jálẹ̀. Oníbàárà á ní ó ti kú. Akíndèjì á ní ó sùn. Yóò tú ikùn rẹ̀, yóò fi mítà wọn àwọn sẹ́ẹ̀lì, bátìrì kéékèèké inú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò yọ èyí tó ti bàjẹ́, yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò mú iná díẹ̀ láti ara bátìrì tó yè, yóò fi tọ́ èyí tó sùn lẹ́nu bí ẹni tó ń fún ọmọ tuntun lómi, títí ṣájà yóò fi gbà á.

Òfin tó le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bátìrì tí a jí gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ méjì lórí pákó, kí a tún un wọ̀n kó tó jáde. Èyí tí agbára rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àìsàn wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Akíndèjì a máa sọ pé, "Ṣájà kì í bínú bátìrì. Bó bá kọ̀ ọ́, ẹ bi í léèrè ohun tó rí."

Nítorí iṣẹ́ jíjí yìí ni Ìkàrẹ́ fi sọ ọ́ ní Ajíbátìrì. Ọlọ́pàá tuntun kan gbọ́ orúkọ náà lọ́jà, ó gbéra, ó di ṣọ́ọ̀bù.

"Ìwọ ni wọ́n ló ń jí bátìrì?"

"Èmi ni, sà. Mo ti jí tó ọgọ́ta láti ìgbà Kérésì."

Ọpẹ́lọpẹ́ Kafilat aránṣọ, aládùúgbò rẹ̀, tó sáré wọlé pẹ̀lú tépù lọ́rùn: "Ọ̀gá ọlọ́pàá, jíjí lójú oorun ni o, kì í ṣe jíjí olè!" Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì padà di oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan. Bí bátìrì bá jí, tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, Akíndèjì kì í sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Yóò mi èjìká, yóò ní, "Ó ń jó!" Àwọn oníbàárà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á pè é láti Ọ̀kà, láti ọ̀nà oko, wọn ò ní kí i tán tí wọ́n á fi ní, "Bàbá, ó ń jó o!" Òun náà á ní, "Jẹ́ kó máa jó." Èsì tó ń fún gbogbo ayé nìyẹn, bí ẹlòmíràn ṣe ń wí pé "àmín".

Nínú ìjọ, ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún méjìlélógún, òun ló sì máa ń ṣáájú ijó lọ́jọ́ ìkórè. Ní àdúgbò, òun ló ń tún ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, òun náà ló ń tún ti mọ́sálásí ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, á ní ohùn lòun ń tún ṣe, òun kì í bi ohùn ní ẹ̀sìn rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀mẹta ni ìdílé yìí jókòó lórí ohun tó kàn, bóyá kí a kọ ọ́ tàbí kí a fò ó. Màmá ló dá a. Wọ́n ní, "Ẹ kọ ọ́. Òkú kì í purọ́, ẹ má bá a purọ́."

Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 2024, káfíńtà kan tó ń jẹ́ Munir wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ìlú Ṣósàn ni. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó kó iṣẹ́ wá sí Ọ̀kà. Bátìrì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láìlò fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Akíndèjì tú u, ó tún un ṣe, ó jí i, ó sì gbé e sórí pákó.

Munir ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ilẹ̀kùn méje ni mo fẹ́ gbé kọ́ fún onílé kó tó di Jímọ̀."

"Ọjọ́ méjì ni, ọmọ mi."

"Ọjọ́ méjì kẹ̀? Jímọ̀ gan-an nìyẹn!"

Sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tí mítà ń ṣe iyèméjì lé lórí. Akíndèjì rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìyẹ̀pẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, àánú sì ṣe é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: òun ló ń pa òwe yìí fún wa láti kékeré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fún Munir ní bátìrì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, àtẹ̀jíṣẹ́ wọ fóònù rẹ̀: "Baba batiri yen n jo o."

Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀. Bí àmì bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, kì bá tí ràn án lọ́wọ́, nítorí ohùn kan náà ni ijó àti iná jọ ń lò. Munir kò tíì gbọ́ èdè ṣọ́ọ̀bù yẹn rí. Bátìrì ló gbóná lórí ṣájà débi tó ń jó o lọ́wọ́, Munir sì ń béèrè ohun tí òun yóò ṣe. Akíndèjì ka ọ̀rọ̀ náà, inú rẹ̀ dùn. Ó mi èjìká. Ó tẹ èsì padà: "Je ko maa jo."

Munir fi fóònù han ìyàwó rẹ̀, Safurat. Ó ní, "Bàbá ní kó máa jó. Bóyá àìsàn inú ẹ̀ ló ń jó dànù." Ó fi bátìrì sílẹ̀ lórí ṣájà, ó lọ kírun Àsárì. Kó tó padà, èéfín ti gba ilé iṣẹ́. Ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ló tìtorí rẹ̀ wọlé. Ó gbé márùn-ún jáde. Ìkẹfà ló fẹ́ gbé tí òrùlé fi wó lé e. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn iná náà ló kú, wọ́n sì sin ín sí Ọ̀kà lọ́jọ́ náà.

Alurinmọ́rin kan tó ń jẹ́ Hafeez ló pe Akíndèjì lórí fóònù pé iná ti jó ilé iṣẹ́ Munir. Akíndèjì ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó tún un kà. Ìgbà yẹn ló tó rí ohun tó wà níbẹ̀. Kafilat tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló sọ ohun tó rí fún wa. Akíndèjì ń fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù bí ẹni tó fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ bẹ Safurat. Ìgbà àkọ́kọ́, òun àti àlùfáà ìjọ wa. Ó dọ̀bálẹ̀. Safurat ní, "Bàbá, ẹ ní kó máa jó." Akíndèjì ṣàlàyé: ijó lòun ní lọ́kàn, bí a ṣe ń wí i ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ijó lẹ ń wí. Ẹ lọ túmọ̀ ẹ̀ fún Munir." Ìgbà kejì, Ọ̀gá Badmus bá a lọ, arúgbó tòun tọ̀pá. Safurat kò jáde sí wọn. Ìgbà kẹta, ó dá lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí oòrùn mú, Safurat gbé omi wá, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó sì wọlé padà.

Ó mu omi náà. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi gbogbo wa: "Ṣé omi yẹn ni ìdáríjì?" Ó bi Ìbíyínká. Ó bi àlùfáà. Ó bi Màmá lórí ẹní àìsàn wọn. Bí a bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á ní, "Ta ló sọ fún yín?" Bí a bá dákẹ́, á ní, "Mo mọ̀."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó dá bátìrì olúkúlùkù padà, èyí tó jí àti èyí tí kò jí. Lọ́jọ́ ìkórè, nígbà tí gbogbo ìjọ dìde, ó jókòó sí ẹ̀yìn, ó di etí méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Dókítà fún un lóògùn, ó ń lò ó. A gbà á láàwẹ̀, a gbà á ládùúrà. A kò mọ ohun tó kù tí a kò ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Ìbíyínká gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un lórí àga, ó bá a pé ó ti lọ. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ló lò láyé.

Àwọn tó gbẹ́yìn rẹ̀:
Màmá Naomi Ilésanmí, ìyá
Ìbíyínká Ilésanmí, aya
Ẹwàolúwa, ọmọ, àti ọkọ rẹ̀
Jesse, ọmọ
. . . . . . . . . .
. . . . . . . . . .
Ìlérí, ọmọ-ọmọ
àti àwa ẹ̀gbọ́n méjì pẹ̀lú àbúrò kan.

Ìlà méjì tó ṣófo yẹn kì í ṣe àṣìṣe atẹ̀wé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó sọ fún Ìbíyínká pé bí òun bá lọ, kí a kọ orúkọ ọmọ Munir méjèèjì mọ́ àwọn ọmọ òun. A kò lè kọ ọmọ ọlọ́mọ láìgbàyè. A rán Ọ̀gá Badmus sí Safurat. Safurat ní, "Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní mo kí wọn kú ọ̀fọ̀ ọmọ. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ àwọn ọmọ mi síbẹ̀." A gbọ́ràn sí i lẹ́nu. A kò sì lè pa ìlà náà rẹ́, torí ẹni tó ní ká fà á ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan sí i.

Màmá kò ní bá wa dé ibojì. Ojú abiyamọ kì í rí ilẹ̀ tó gba ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bá wọn da erùpẹ̀ tiwọn.

Akíndèjì, máa lọ. Ilẹ̀ Ọ̀kà ti gba Munir. Kí ó gba ìwọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Níbi tí o bá ti pàdé rẹ̀, kí Olúwa jẹ́ kó dúró, kí o lè sọ̀rọ̀ rẹ tán. Àmín.