Ẹ Sọ fún Bọ̀dá Láyí Pé Mọ́tò Pupa Kò Tíì Kú

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àmójútó àwọn tó kù lọ́dọ̀ yín. Mo kí Ìyá Kékeré, mo kí àwọn ìyàwó ilé lápapọ̀. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí fún yín kò gbọdọ̀ fo ibi tó bá kan Bọ̀dá Láyí ẹ̀gbọ́n mi, nítorí gbogbo ilé ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Ara mi le. Òjò ń yọ Festac lẹ́nu, omi ti dé ẹnu ọ̀nà wa, kò tíì wọlé. Láti ìgbà tí Bísí ọmọ mi ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Àbújá, èmi nìkan ni mo ń dá jẹun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń le jù.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò pupa tí bàbá Bísí fi sílẹ̀ kó tó kú ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́tò tí kò lè gbé ju èèyàn méjì lọ, mọ́tò ahun ni. Ìyá mi, ahun yẹn ló ń bọ́ mi. Àwọn ọmọ ìjọ tó ń ṣègbéyàwó ní Festac àti Àmùwò máa ń háyà rẹ̀. Mo máa ń wà á dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a ó ká òrùlé aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ àti ìyàwó á jókòó, wọ́n á ya fọ́tò.

Lóṣù tó kọjá, àǹtí ìyàwó kan ní ìyàwó kì í dá lọ sílé ọkọ, òun gbọ́dọ̀ sìn ín. Mo ṣàlàyé pé fọ́tò lásán ni, bọ́ọ̀sì ẹbí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àǹtí ní òun kò bá wọn ṣe àṣà òyìnbó. Ó gun orí òrùlé tí a ká sẹ́yìn, ó fìdí lélẹ̀ bí ẹni jókòó sórí ẹní. Ohun tí a gbọ́ ni fàà.

Mo gbé mọ́tò náà lọ sí ọjà Trade Fair. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò fún mi ní òrùlé tuntun fún un kò ní sí mọ́, nítorí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò náà ti ní àwọn kò ṣe é mọ́. Wọ́n ní àwọn tó ń rà á kò pọ̀, jíìpù ni ayé ń rà. Inú bí mi. Wọ́n sọ fún wa pé irú rẹ̀ kò sí, a gbà, a rà á, a ń tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí ọjà kò yá, wọ́n kẹ̀yìn sí àwa tó rà. Bí ìyá bá bí ọmọ púpọ̀, tí ọ̀kan kò lówó, ṣé yóò ní òun kò bí i ni?

Mo pe Bọ̀dá Láyí pé kí n rojọ́, wọn kò dúró gbọ́ ọ tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkùnrin kan láti Alákijà kan ilẹ̀kùn mi pé Bọ̀dá ti bá òun ná mọ́tò náà tán. Bọ̀dá ní àwọn ló fowó ra ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà kan, nítorí náà àwọn lè tà á kó tó di irin. Ṣé ẹni tó bá wa kan òrùlé ló wá ni ilé?

Mo bi ọkùnrin náà ohun tó fẹ́ fi òkú mọ́tò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irin lásán ni, òun kàn fẹ́ gbà mí lọ́wọ́ ìdààmú. Lẹ́yìn náà ló rọra bi mí bóyá ìwé rẹ̀ ṣì pé. Ẹni tó ń ra irin kì í béèrè ìwé. Ó mọ̀ pé èyí tí wọn kò ṣe mọ́ ni yóò wọ́n lọ́la. Bọ̀dá Láyí ni kò mọ̀. Mo ní kí ọkùnrin náà máa lọ, n kò ta mọ́tò.

Aránṣọ àga mọ́tò kan ní Agboju ti rán òrùlé mìíràn fún mi, òjò kò sì gba ibẹ̀ wọnú mọ́tò mọ́.

Ẹ̀yin ni mo fẹjọ́ sùn. Ẹ pe Bọ̀dá jókòó. Bí wọ́n bá ti gba ohunkóhun lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, kí wọ́n dá a padà. Owó ẹ́ńjìnnì wọn, màá san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún rán ẹnikẹ́ni wá, màá sọ lójú àdúgbò pé ẹ̀gbọ́n mi ń ta ohun opó. N kò fẹ́ sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kó di dandan fún mi.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín yóò fúyẹ́. Mo kí gbogbo ilé. Mo kí Bọ̀dá Láyí náà, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ni wọ́n.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́, ní Festac.