Àwọn Agbẹ̀bí Orí Ìwé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Fọ́ọ̀mù dé láti olú iléeṣẹ́ ètò ìlera. Wọ́n fẹ́ mọ iye òṣìṣẹ́ tó wà nílé ìwòsàn wa, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, agbálẹ̀, akọ̀wé. Èmi akọ̀wé ni wọ́n gbé e fún. Ọ̀gá mi ní kí n da ti ọdún tó kọjá kọ. (Ó-Ti-Wà-Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é nínú ọkàn mi, torí ohun tó máa ń sọ sí gbogbo nǹkan nìyẹn.) Ọkàn mi ò gbà á. Èmi fúnra mi ni mo tẹ ìwé ìfẹ̀yìntì àwọn kan tí wọ́n kà síbẹ̀!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Mo kúkú mú bírò, mo gba wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù. Agbẹ̀bí orí ìwé: mọ́kànlá. Èyí tí mo fojú rí: mẹ́ta. Méjì ti fẹ̀yìn tì, márùn-ún ti ré kọjá òkun, ọ̀kan ti kú — kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì ọgbọ̀n, mo rí mẹ́tàdínlógún. Ọ́fíìsì tiwa ńkọ́? Akọ̀wé mẹ́sàn-án lórí ìwé, a pé mọ́kànlá lórí àga. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ó korò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Ọkọ mi ní kí n má lọ fọwọ́ ara mi fa ìjàngbọ̀n. Mo gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Ìyá Àbíyè, olórí àwọn agbẹ̀bí, nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, aláboyún mẹ́ta sì ń rọbí pọ̀. Ọ̀kan ò lè dé orí bẹ́ẹ̀dì mọ́ — orí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà. Ìyá Àbíyè ń ké látinú yàrá: "Ẹ fọwọ́ gbà á! Ẹ má fà á o!" Màmá agbálẹ̀ sáré fọwọ́, ó kúnlẹ̀. Ọmọ bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò ké. Màmá ń nù ún lẹ́yìn, ó ń nù ún… ó ké! Obìnrin ni. Ìyá àti ọmọ wà láàyè.
Ìgbà yẹn ni màmá wá bú sẹ́kún. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, tó bá kú sí mi lọ́wọ́ ńkọ́?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ. Agbẹ̀bí: mẹ́ta. Níbi àlàyé: lọ́jọ́ keje oṣù yìí, agbálẹ̀ ló gbẹ̀bí.
Ó-Ti-Wà-Bẹ́ẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti wọ́ọ̀dù yẹn pa ni? Kí àwọn obìnrin máa bímọ sójú ọ̀nà?"
Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò lè fọwọ́ sí agbẹ̀bí mọ́kànlá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Ọ̀gá mi kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Ọ̀gá mi dìde lọ́sàn-án, ó dá lọ sí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. Ó pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀wù rẹ̀ rin gbindin fún òógùn — wọ́n ti ní kó bá wọn gbé aláboyún kan. Ó fa fọ́ọ̀mù sọ́dọ̀, ó fọwọ́ sí i lábẹ́ tèmi.
"Bí wọ́n bá bi wá, àwa méjèèjì la kọ ọ́."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n
Èsì dé. Wọn ò ti wọ́ọ̀dù pa. Agbẹ̀bí mẹ́rin ń bọ̀, méjì ti bá lẹ́tà wá. Ìyá Àbíyè jókòó jẹun lọ́sàn-án, ó ní òun ti gbàgbé bí oúnjẹ gbígbóná ṣe ń rí.
Lẹ́tà kejì wà fún mi. Kí n lọ ka òṣìṣẹ́ gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba tó wà lágbègbè yìí. Méjìlá! Ọkọ mi bi mí pé ìgbà wo ni màá wá máa wọlé.
Mo ní, "Tí mo bá kà wọ́n tán."