Omi Tí A Fi Ń Fọ Ìyẹ̀fun Fàdákà

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ilé-iṣẹ́ Ìyẹ̀fun Fàdákà,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó máa ń bá mi jiyàn lórí fóònù bí ẹni pé èmi àti ẹ̀ la jọ kàwé? Ẹ̀yìn tó ń dun màmá, ṣé ó ti rọlẹ̀? Sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n yé gbé bókẹ́ẹ̀tì. Tiwa náà ń lọ. Ọkọ mi wà, ó sanra sí i, ó ní aṣọ òun ló súnkì. Ara tèmi le koko. O mọ̀ mí, n kì í pẹ́ nídìí ìkíni, nítorí náà jẹ́ kí n kó sí ọ̀rọ̀.

O mọ iṣẹ́ wa. Fàdákà ni à ń sọ di ìyẹ̀fun tó kéré débi pé ojú ò lè rí ẹyọ kan nínú ẹ̀. Bí o bá la irun orí kan ṣoṣo sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ẹyọ tiwa ṣì kéré jù ú lọ. Wọ́n ń fi í pa aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu, kí kòkòrò àìsàn lè kú síbẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ohun tí a kì í sọ síta ni pé bí a ṣe ń wá omi mímọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ la ń da ìdọ̀tí sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé tiwa. Kẹ́míkà líle la fi ń ṣe é, iná ńlá la fi ń sè é, sípíríìtì la fi ń fọ̀ ọ́, gọ́tà sì ni gbogbo ẹ̀ ń bá lọ.

Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ra èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Lóṣù tó kọjá, obìnrin tó ń bá wọn yẹ ọjà wò ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ibi ìdáná wa. Onígíláàsì la máa ń pè é, nítorí gíláàsì ojú ẹ̀ fẹ̀ ju fèrèsé wa lọ. Ó ní bí òun ò bá rí i pé a ti dín ìbàjẹ́ náà kù, àwọn ò ní rà mọ́. Ìyẹn ni pé ká ti ilẹ̀kùn, kí kálukú gba ilé ẹ̀ lọ.

Ẹni tó wà nídìí ìkòkò tí a fi ń sè é ni àbúrò ọkọ mi obìnrin, èyí tí mo sọ ní Adúmáadán. Òun ló kàwé kẹ́mísìrì. Ibi tí wàhálà wà nìyí: níbi iṣẹ́, èmi ni ọ̀gá; nílé, òun ni ọkọ mi. Ìgbàkúùgbà tó bá fẹ́ ta kò mí, "Ìyàwó wa" ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ti mọ̀ pé ìjà dé nìyẹn.

Òun ló mú un wá pé èèpo ọsàn lè ṣe iṣẹ́ tí kẹ́míkà líle yẹn ń ṣe. Ọkùnrin tó ń fún omi ọsàn tà wà ní òdìkejì títì, ṣe ló ń da èèpo nù. Mo ní ó parí. Kíá, mo ti pe akunlé kó wá kun ògiri iwájú ní àwọ̀ ewé, kí Onígíláàsì lè rí i pé a ò ba ilẹ̀ jẹ́ mọ́. Adúmáadán ní kí n fara balẹ̀, kí òun kọ́kọ́ ṣírò gbogbo ohun tó ń wọlé àti gbogbo ohun tó ń jáde, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní ìyẹ̀fun là ń tà, a kì í ta ìṣirò.

A bẹ̀rẹ̀ sí í lo èèpo, ó sì ṣírò náà ṣá. Ó gun òkè wá bá mi.

"Ìyàwó wa, ẹ jókòó."

"Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn."

"Epo tí à ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Báwo? Ṣebí èèpo ọsàn ni!"

"Èèpo ọsàn ò ṣẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń mú un gbẹ ló ń mu epo látàárọ̀ dalẹ́."

Inú bí mi gidi. "Kí la tiẹ̀ ń mú un gbẹ fún? Ọlọ́sàn nìyẹn! Mo lè ju òkò bà á láti ojú fèrèsé yìí!"

Adúmáadán yọjú wo ọlọ́sàn láti ojú fèrèsé. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Níbi tó ti kọ́ iṣẹ́, ọ̀nà jíjìn ni èèpo ti ń wá, wọ́n gbọ́dọ̀ mú un gbẹ kó má bàa jẹrà. Bó ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní tèmi, kí n máa dúró de èèpo ló kàn sú mi. Má rò pé mò ń yangàn o. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé mò ń yangàn, díẹ̀ ni.

Kò kúkú rọrùn bí mo ṣe pariwo ẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ lo èèpo tútù, ṣe ni fàdákà dì mọ́ra bí iyọ̀ tí òjò pa. Adúmáadán ní, "Ẹ rí i báyìí? Ọsàn àná dùn, tòní kan. Ìkòkò mọ ìyàtọ̀." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ èèpo wò láràárọ̀, kó mọ bó ṣe kan tó kó tó dà á sínú ìkòkò. Mo dúró tì í, mò ń rìn lọ rìn bọ̀, ó lé mi síta: "Ìyàwó wa, ẹsẹ̀ yín ń mi tábìlì." Lọ́jọ́ tó wá bọ́ sí i, omi inú ìkòkò pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, iná táṣẹ́rẹ́ ló sì jẹ. Mo fò mọ́ Adúmáadán.

Omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ ló kù. Ní ti sípíríìtì, a ti ń kó o jọ. À ń sè é títí á fi di oru, a ó tún mú oru náà tutù padà sínú ìgò, ká tún fi fọ òmíràn. Adúmáadán ń da iyọ̀ sínú omi tó kù, kí fàdákà inú ẹ̀ lè rọlẹ̀ sísàlẹ̀, ká dá a padà sídìí iṣẹ́. Síbẹ̀, díẹ̀ ń sá lọ. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún wa ohun tí díẹ̀ yẹn ń ṣe fún ẹja àti ilẹ̀ níbi tí gọ́tà já sí.

Onígíláàsì dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò tiẹ̀ wo ògiri mi. Ó wo ìkòkò, ó mi orí, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó na ìka sí gọ́tà.

"Èyí ńkọ́?"

Ó ti dé orí ahọ́n mi pé kò sí nǹkankan níbẹ̀ mọ́. Mo rí ojú Adúmáadán, mo gbé e mì.

"Díẹ̀ ṣì ń gba ibẹ̀ jáde. A ò mọ bó ṣe pọ̀ tó."

"Ìgbà wo lẹ máa dí i?"

"Tí táǹkì tí a ó máa da omi náà sí bá dé."

"Ìgbà wo ni táǹkì máa dé?"

Ọ̀rẹ́ mi, irú ìbéèrè tí èmi máa ń bi àwọn èèyàn nìyẹn. Ẹnì kan ò bi mí rí. Bíríkìlà kan ń mọ ògiri fún alágbàfọ̀, sìmẹ́ǹtì pípò wà níwájú ẹ̀. Mo pè é: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé agbada yẹn wá, ẹ bá mi dí ibí yìí."

Adúmáadán figbe ta. "Ìyàwó wa, ẹ dúró! Níbo la ó wá dà á sí tí a bá fọ ìyẹ̀fun?"

"A ò ní fọ ìyẹ̀fun."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí táǹkì á fi dé."

Bíríkìlà gbójú sókè. "Ọ̀gá, ṣé kí n fi ihò kékeré sílẹ̀?"

"Ihò kankan ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù!"

Onígíláàsì dúró títí ọkùnrin náà fi fi tíráwẹ́ẹ̀lì dán an. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní àwọn á dúró de ìyẹ̀fun wa, ṣùgbọ́n kó má kọjá ìparí oṣù.

Nítorí náà, iná ti kú nídìí ìkòkò, àwọn òṣìṣẹ́ ń gé èékánná, èmi sì ráyè kọ lẹ́tà. Ọkọ rẹ ló ń ṣe táǹkì. Bá mi sọ fún un pé èyí tó tóbi jù tó ní ìdérí ni mo fẹ́, bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ló fẹ́ gbé fún mi, kó gbé e wá, èmi á bẹ onítọ̀hún. Kó má sọ fún mi pé ó ti wà lọ́nà. Gbogbo irọ́ ìdí òwò pátá, èmi àtìẹ la jọ kọ́ ọ níléèwé.

Bá mi kí màmá, bá mi kí àwọn ọmọ, sọ fún ajiyàn yẹn pé mò ń bọ̀ wá bá a parí ẹ̀. Adúmáadán ní kí n kí ọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá ni, ó yọjú wolé, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú ìjókòó o."

Èmi ni tìrẹ, tí n ò rí ibì kankan sáré lọ,

Kíákíá.