Bàtà Tí Ẹ Rán Fún Ìrìn Mi

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti dé ibi mímọ́ náà, mo ti gbàdúrà fún gbogbo wa, ọ̀la ni mo sì ń bọ̀ nílé.

Bàtà tí ẹ fọwọ́ ara yín rán fún mi lágbára gan-an ni. Tí ẹ bá yí i dojú dé, tí ẹ rí i pé awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì nípọn, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Koríko ló pọ̀ lójú ọ̀nà tá a gbà kẹ́yìn. Atẹ́gùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé bá a ṣe ń lọ náà tù mí lára.

A kọjá ìyá àgbà tá a ti jọ ń rìn bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń tiro. Mo juwọ́ sí wọn, àwọn náà juwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bu omi fún. Wọ́n ní, “Ó ti rẹ̀ ẹ́, ọmọ mi.”

Àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ẹ ní kí wọ́n wá pàdé mi lọ́nà ká lè jọ rìn wálé, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ò dùn mí rárá.

Ọmọ yín