Eliseo, Ẹ̀gbọ́n Mi: Ọ̀rọ̀ Àmì Ṣọ́ọ̀kì Orí Ọkọ̀ Pupa

Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Eliseo. Ọdún márùn-ún gbáko! Àwọn ará Juárez ṣì ń wọ́ òkú ọkọ̀ wá sí ọgbà tí ẹ ti ń tú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Casas Grandes. Wọ́n ṣì ń béèrè ẹni tó lè fi etí lásán mọ ẹ́ńjìnnì tó ṣeé tún lò. Ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́.

A ti parí ilé tí ẹ fi sílẹ̀ láìlórùlé. Àwọ̀ búlúù tí ẹ kórìíra ni Socorro ìyàwó yín kùn ún. Ó ní bí inú bá ń bí yín, kí ẹ dìde wá bá òun jà.

Yadira ọmọ yín ti pé ogún ọdún, inú ọgbà náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá! Kí n tó mu kọfí tán, ó ti tú gbogbo wáyà bàbà inú ọkọ̀ kan. Ẹ̀yin gan-an ni.

Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ tuntun jọ. "Ẹ gbọ́ o, n ò gbọdọ̀ bá iná tí a fi ń gé irin lọ́wọ́ yín nídìí ọkọ̀ tí epo ṣì wà nínú ẹ̀. Oríkunkun ló pa bàbá mi. Kò wò! Ẹ̀yin, ẹ máa wò!"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, ṣé imú bàbá yín dí ni?"

"Imú ẹ̀ ò dí. Ìkánjú ẹ̀ ló pọ̀."

Mo wà lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Gbogbo ọgbà ló ń rùn fún epo, kò sí imú tó lè mọ èyí tó léwu. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ṣòfin pé ẹni tó bá fa epo ọkọ̀ tán, tó sì yọ bátìrì rẹ̀, ni kó fi ṣọ́ọ̀kì ya àgbélébùú sí orí rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá ní àmì, iná ò gbọdọ̀ kàn án.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ kú, ọkọ̀ mẹ́fà ló wà níwájú mi. Mo ti fa epo inú márùn-ún tán. Màmá Ramona tó ń ta búrítò dé ẹnu géètì, ebi sì ń pa mí. Mo ya àmì sórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo ní bí mo bá jẹun tán, màá padà wá fa epo ọkọ̀ pupa tó kù. Ẹ rí àmì náà. Ẹ gba àbúrò yín gbọ́. Ẹ tan iná. Búrítò ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo gbọ́ tí ọkọ̀ pupa náà bú gbàù.

Iná jó ọkọ̀ náà tàmìtàmì. Àwọn ọlọ́pàá ní ẹ ò wò dáadáa, mo dákẹ́. Socorro ní oríkunkun yín ni, mo dákẹ́. Mo wà lára àwọn tó gbé pósí yín, mo dákẹ́! Ọdún márùn-ún ni mo fi gbé ẹ̀bi mi lé òkú yín lórí.

Lánàá, mo jẹ́wọ́ fún Yadira níwájú ìyá rẹ̀. Socorro gbá mi létí, ó sì bú sẹ́kún. Yadira kò sunkún. Ó kàn ń wò mí. "Bàbá kékeré, gbogbo ìgbà tí mo ń bú bàbá mi, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?" Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, ohun tó sì tọ́ sí mi nìyẹn.

Mo ní kí wọ́n tẹ èyí sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ọlọ́gbà ojú ọ̀nà wa kà á. Eliseo Barraza wò! Ó wò dáadáa! Èmi ni kò yẹ kó gbà gbọ́.

Àárò yín ń sọ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ràn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Nabor, àbúrò yín.