Aṣọ Yín Lára Ata Wa

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa yí ọ̀rọ̀ po, torí náà ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: mo kó gbogbo aṣọ yín jáde nínú àpótí, mo sì fi wọ́n bo ata nínú ọgbà. Léèsì aláwọ̀ ewé tí ẹ fi máa ń ṣe yangà náà kò gbẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, torí inú mi ń dùn gan-an, mi ò sì mọ ẹlòmíì tí yóò bá mi yọ̀ bó ṣe yẹ.

Ata rodo yín ni. Èyí tí ìyá yín fún yín ní kóró rẹ̀ nígbà tí ẹ ń relé ọkọ, tí ẹ gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná wa n'Íbàdàn, tó kúrú mọ́lẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán kí ọ̀bẹ tó kàn án. Nígbà tí ẹ wá bá mi tọ́jú ọmọ mi, Tiwa, lọ́dún méje sẹ́yìn, ẹ di kóró rẹ̀ mọ́ etí ìró. Ẹ ò sọ fún èmi gan-an, àfi ìgbà tí ẹ gba ike kan lọ́wọ́ mi, tí ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sí i, tí ẹ gbé e sí fàráńdà ilé tí à ń háyà ní Seat Pleasant, l'Amẹ́ríkà níbí. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni mo ń yọ kóró lára èyí tó bá pọ́n jù, mo ń sá a sórí bébà, mo sì ń gbìn ín padà. Èmi tí mo máa ń sá pamọ́ sínú ilé ìwẹ̀ bí ẹ bá ní kí n wá bá yín tu koríko.

Ọdún kẹta rèé tí a ti kó kúrò nítòsí ìlú wá sí ìsàlẹ̀ kántì, ìgbèríko wọn níbí, níbi tí ilé ti jìnnà síra, tí oko àgbàdo wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí àgbọ̀nrín sì ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá bí ẹni tó ni ilẹ̀. Ọkọ mi ló fẹ́ ilẹ̀ tó fẹ̀, èmi ni mò ń roko rẹ̀. Nígbà tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, àgbọ̀nrín wọ ọgbà lóru, ó sì jẹ orí gbogbo ata náà. Wọ́n tún rú, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́. Nígbà tí oṣù kẹwàá fi máa dé ìdajì, igi ata mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀, wọ́n so jìngbìnnì, kò sì sí ẹyọ kan tó pọ́n.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé: mo ti gbin gbogbo kóró tí mo ní, mi ò fi ìkankan pamọ́. Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi pé kóró ata tí kò pọ́n kì í hù. N'Íbàdàn, Bọ̀dá mi da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n sin yín sí, nígbà ìsìnkú yín, kí àwọn àlejò lè rí ibi jókòó sí. Wọn ò rántí ata. Mo bínú sí wọn lórí fóònù lọ́jọ́ náà, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí ẹ̀gbọ́n mi. Torí náà, bí otútù bá pa igi mẹ́rìnlá wọ̀nyí, ata ìyá yín ti tán nìyẹn, kò sí níbòmíì mọ́.

Níhìn-ín, bí ewé bá ti ń pọ́n lórí igi, gbogbo wa ni à ń wo ìròyìn ojú ọjọ́ lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọkùnrin orí tẹlifíṣọ̀n ní òru méjì kan ń bọ̀ tí ìrì lè dì sórí ewé láwọn ibi tó jẹ́ oko, lẹ́yìn náà ooru díẹ̀ á padà wá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní bí ata yìí bá lè la òru méjì yẹn já, ó máa pọ́n. Ọkọ mi wo fóònù rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga.

“Relax jàre, mo ti check ẹ̀. Thirty-eight ni. Kò lè dì.”

Ní òǹkà tiwọn níhìn-ín, méjìlélọ́gbọ̀n ni omi ti ń dì, torí náà ọkàn mi balẹ̀. Àfi ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, tí aládùúgbò wa wá bá mi létí ọgbà. Bàbá arúgbó ni, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó bá bàbá rẹ̀ gbin tábà lórí ilẹ̀ yìí nígbà èwe rẹ̀. Ó wo òkè, kò sí ìkùukùu. Ó wo igi, ewé kan kò mì. Ó ní àfi kí n wá nǹkan ṣe sí ata mi. Mo ní fóònù sọ pé méjìdínlógójì ni. Ó bi mí pé fóònù ta ni, ibo ló sì ń wò? A pe ọkọ mi jáde. Suitland ni fóònù rẹ̀ ń wò, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tí ilé àti títì ti ń gba ooru dúró. Ní ìsàlẹ̀ kántì níhìn-ín, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ọkọ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi, torí ẹ̀yin ni mo rántí. Ìgbà ooru lẹ wá síbí, ẹ ò rí yìnyín rí. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń pè mí nínú oṣù kìíní pé ooru mú níbi tí mo wà, kí n máa mu omi, kí n má wọ aṣọ tó nípọn? Èmi á wà nínú kóòtù méjì, màá ní Màámi, yìnyín ló bo mọ́tò mi, ẹ ó ní fóònù kì í purọ́. Ìgbà tí wọ́n fi fóònù yín ránṣẹ́ sí mi ni mo tó rí i pé Maryland ti Èkó lẹ ti ń wò fún mi, lọ́nà Ìkẹjà, dípò Maryland ti Amẹ́ríkà tí mo wà, fún bí ọdún mẹ́rin. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ń dùn mí pé mo máa ń kanra mọ́ yín nígbà náà, pé ẹ jẹ́ kí n sùn, iṣẹ́ ni mo ti dé. Ta ló wá ń wo ojú ọjọ́ fún mi báyìí?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá náà ní kí a bò wọ́n kí oòrùn tó wọ̀, kí ooru tí ilẹ̀ ti gbà lójú ọ̀sán má bàa sá lọ. Ó ní kí aṣọ kan ilẹ̀ yí ká, kí ó tó ìpele méjì tàbí mẹ́ta, kí a má sì fi ọ̀rá bò ó, torí ibi tí ọ̀rá bá ti kan ewé ni otútù á ti pa á. Ọkọ mi wa mọ́tò lọ wá aṣọ tí wọ́n fi ń bo ọ̀gbìn. Ó pè mí pé àwọn ará àdúgbò ti rà á tán. Ṣíìtì ilé wa fẹ́lẹ́, búláńkẹ́ẹ̀tì méjì tí a ní kò bò ju igi mẹ́ta lọ. Èwo nínú wọn ni yóò sì pọ́n, ta ló mọ̀? Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo wọlé lọ dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù tí àpótí yín wà.

Ẹ mọ̀ pé mi ò wá sin yín. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde nígbà náà, bí mo bá kúrò níhìn-ín mi ò ní lè wọlé mọ́. Inú mọ́tò ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń gbé yín sọ̀kalẹ̀, lójú fóònù, níta ilé ìwòsàn, kí n tó wọlé lọ tọ́jú ìyá oníyàá. Nígbà tí àwọn ọmọ yín pín aṣọ, wọ́n ní àpótí ńlá jẹ́ tèmi, èmi àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin. Ọdún méjì ló ti wà lọ́dọ̀ mi, mi ò wọ ìkankan. Òórùn yín ló wà nínú rẹ̀, káńfọ̀ àti pọ́ńdà yín, àti èéfín díẹ̀. Bí mi ò bá lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday, màá ṣí i díẹ̀, màá fi imú sí i, màá sì tètè dé e padà kó má bàa tán. Tiwa kì í fọwọ́ kàn án, mo ti kìlọ̀ fún un. Òun náà ló wá dúró tì mí.

“Mummy, if we take it outside, ṣé Grandma's smell máa lọ?”

“Ó máa lọ,” mo ní.

“But the pepper will stay?”

Mo ti ń kó aṣọ jáde.

Màámi, ẹ ò bá rí wọn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ yín wà lára igi àkọ́kọ́, gíníì aláwọ̀ àyìnrín tẹ̀ lé e, sányán tí bàbá wa rà fún yín wà lára èyí tó so jù. Mo fi léèsì lé orí àǹkárá kó lè nípọn. Èyí tó ga jù, gèlè ni mo wé fún un. Tiwa ń di etí aṣọ pọ̀ bí mo ṣe ń fà á, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi dé lọ́wọ́ òfìfo, ó dúró létí ọgbà, ó wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá ìyàwó mi. Fourteen yín? Ẹ ti pọ̀ jù fún mi.”

Bàbá aládùúgbò bi mí pé aṣọ ta ni. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ṣí fìlà. Ó padà sílé rẹ̀, ó ti bíríkì wá nínú bárò láti fi tẹ etí aṣọ mọ́lẹ̀, ó sì ń fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu bíríkì kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e lé aṣọ yín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, koríko funfun balau. Ewédú tí mi ò bò ti dúdú, ó ti rọ sílẹ̀. Aṣọ yín gan bí èyí tí wọ́n fi sítáàṣì sí. Bàbá ní kí a mú sùúrù kí oòrùn dé ara wọn, ni mo bá mu tíì ife méjì lórí ìdúró. Nígbà tó tó àsìkò, mo ká sányán kúrò. Ewé tútù ń dán lábẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Mo ká ìkejì, mo ká ìkẹta. Kí n tó dé ìkẹrìnlá, mo ti ń jó láàárín oko, èmi nọ́ọ̀sì àgbà, pẹ̀lú bàtà òjò àti aṣọ ìsùn. Èyí tí gèlè yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ nìkan ni ẹ̀ka kan kú lára rẹ̀. A tún bò wọ́n ní alẹ́ kejì, wọ́n sì tún yè é.

Mo fọ àwọn aṣọ náà, mo sá wọn. Òórùn yín ti lọ, Màámi. Ọṣẹ àti atẹ́gùn ni wọ́n ń rùn. Mo rò pé màá sunkún, mo sì dúró kí ẹkún dé, kò dé. Dípò bẹ́ẹ̀, mo mú ìró àdìrẹ yẹn, mo ró o. Ó bá mi mu rẹ́gí. Ìdí yín ni mo gbé, mi ò mọ̀ rí. Mo ró o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, mo sì ń yan bí ẹ ṣe máa ń yan.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn òru méjì yẹn ni àkọ́kọ́ pọ́n, lára igi tí sányán bò. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti ká ogún. Mo la wọ́n, mo sá kóró wọn sórí bébà, mo sì fi èyí tó kù se ọbẹ̀. Ọkọ mi jẹ ẹ́, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé díẹ̀ ni ìyá yín máa ń fi sínú ọbẹ̀, àbí ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ìwà ìkà kí ata ta tó báyìí?

Ohun kan kù tí mo fẹ́ sọ. Ìwé ìgbélùú mi ti jáde láti ìgbà ooru, mi ò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ wá sọ níwájú ibojì yín, èmi tí mi ò wá sin yín. Nígbà tí kóró yẹn gbẹ, mo pe Bọ̀dá mi. Mo tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí wọn nípa kọnkéré, mo sì sọ pé ata Màámi wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wá bi mí pé, “Apá ibo nínú kọnkéré yẹn ni kí n fọ́?” Mo ní ẹ̀gbẹ́ ibojì Màámi gan-an.

Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lánàá. Wọ́n ti fọ́ ọ, ilẹ̀ pupa ti yọ, wọ́n tiẹ̀ ti kọ ebè kan síbẹ̀. Èmi, Tiwa àti bàbá rẹ̀ ń bọ̀ nínú oṣù kejìlá. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ta ní ń gbin ata lójú ọyẹ́. Ẹ bá mi wí nígbà tí mo bá dé. Màá kúnlẹ̀ síbẹ̀ bomi rin ín láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mi ò sì ní kánjú dìde.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tó ń bọ̀ wálé.